Kí A Tó Ka Ẹ̀wá: Ìtàn Fífún Ọrùn Nínú Ìjàkadì

Kí n tó bẹ̀rẹ̀ ọ̀rọ̀ mi, mo fẹ́ kí ẹ bá mi ka nǹkan kan. Ẹ má ṣe yára kà á. Ẹ jẹ́ kí ó máa lọ bí aago ògiri ṣe ń ró: ení, èjì, ẹ̀ta, ẹ̀rin, àrún, ẹ̀fà, èje, ẹ̀jọ, ẹ̀sán, ẹ̀wá. Ó parí. Ìwọ̀nba àkókò tí a fi kà á yìí tó kí ọkùnrin abarapá kan, ẹni tí ó lè gbé àpò sìmẹ́ńtì lé èjìká láìmí hẹlẹhẹlẹ, di ẹni tí ó nà gbalaja sí ilẹ̀, tí kò mọ ohun tí ó ń lọ mọ́, bí ẹni tí ó mọ̀ ọ́n ṣe bá fún un ní ọrùn. Ọ̀rọ̀ yìí ni mo fẹ́ bá yín sọ ní òní, nítorí ohun kan tí ojú mi rí ní ilé-ìwé kan. N óò sọ ìyẹn tí ó bá yá. Ẹ jẹ́ kí a kọ́kọ́ lọ sí ọ̀nà jíjìn.

Àwa Yorùbá kì í ṣe àlejò nínú ìjàkadì. Ta ni kò mọ̀ pé a máa ń fi ìjàkadì ki àwọn ará Ọ̀fà? Ṣùgbọ́n ẹ wo bí tiwa ti rí: dídá ni a ń dá ara wa. Bí ẹ̀yìn ẹnì kan bá ti kan ilẹ̀, ọ̀rọ̀ parí, ìlù sọ, àwọn ọ̀rẹ́ ẹni tí ó borí sì gbé e sókè. Níbi tí ìjà bá ti parí ní kété tí ènìyàn bá ṣubú, kò sí ohun tí ẹnikẹ́ni ń wá lọ sí ọrùn ẹnìkejì rẹ̀. Níbi tí a bá gbà kí ìjà máa lọ lẹ́yìn ìṣubú, tí àwọn méjèèjì ń yí gbirigbiri ní ilẹ̀, níbẹ̀ ni ọwọ́ ti ń wá ọrùn kiri.

Irú ìjà bẹ́ẹ̀ ni àwọn ará Gíríìsì fi kún àwọn eré ìdíje wọn ní Olympia ní ọdún 648 ṣáájú ìbí Kristi. Pankration ni wọ́n ń pè é, ìtumọ̀ rẹ̀ sì sún mọ́ "gbogbo agbára". Ẹ̀ṣẹ́ wà nínú rẹ̀, ìpá wà nínú rẹ̀, lílọ́ apá àti lílọ́ ẹsẹ̀ wà, fífún ọrùn sì wà. Ohun méjì ni a kà léèwọ̀: ẹnì kan kò gbọdọ̀ bu ẹnìkejì jẹ, kò sì gbọdọ̀ ki ìka bọ̀ ọ́ ní ojú. Ẹni tí ó bá rí i pé ọ̀rọ̀ ti kọjá agbára òun yóò na ìka rẹ̀ sókè kí onídàájọ́ lè rí i, a ó sì dá ìjà náà dúró.

Ọkùnrin kan wà nígbà náà tí ń jẹ́ Arrhichion, ará ìlú Phigalia. Ó ti gba adé ní Olympia lẹ́ẹ̀mejì. Ní ọdún 564 ṣáájú ìbí Kristi, ó tún padà wá fún ẹ̀kẹta, ó sì jà títí ó fi ku òun àti ẹnì kan ṣoṣo. Ẹni náà fò mọ́ ọn, ó fi ẹsẹ̀ méjèèjì dì í mọ́ra, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í fún un ní ọrùn. Filostratus, tí ó kọ nípa àwòrán ìjà náà ní ọ̀pọ̀ ọgọ́rùn-ún ọdún lẹ́yìn náà, sọ pé ńṣe ni nǹkan bí oorun ń gun Arrhichion. Ẹ fi ọ̀rọ̀ oorun yìí sí ọkàn, nítorí a ó padà sí i. Bí oorun náà ti ń gbé e lọ, Arrhichion ṣe ohun kan tí ó kù fún un láti ṣe: ó mú ẹsẹ̀ ẹni tí ó dì í mú, ó sì lọ́ ọ. Pausanias ní ọmọ ìka ẹsẹ̀ ni ó yẹ̀. Filostratus ní ọrùn ẹsẹ̀ ni. Èyí tí ó wù kí ó jẹ́, ìrora náà pọ̀ débi pé ẹni tí ń fún un ní ọrùn ni ó na ọwọ́ sókè pé òun juwọ́ sílẹ̀. Àwọn onídàájọ́ kéde pé Arrhichion ni ó borí. Nígbà tí wọ́n yí padà sí i láti gbé adé fún un, ó ti kú. Òkú ni wọ́n dé ní adé.

A gbọ́ pé olùkọ́ rẹ̀, Eryxias, ni ó kígbe sí i nígbà tí ó fẹ́ juwọ́ sílẹ̀, tí ó ń sọ fún un bí yóò ti dára tó kí a lè sọ ní ìdí òkú rẹ̀ pé kò juwọ́ sílẹ̀ ní Olympia. Àwọn ará Gíríìsì yin ọ̀rọ̀ yìí gan-an. Èmi tí mo jẹ́ olùkọ́, mo kà á, inú mi kò dùn. Ọrùn ti ẹnì kan ni wọ́n ń fún. Ẹnu ti ẹlòmíràn ni ó ń sọ pé kí ó fara dà á.

Nísinsìnyí, kí ni ó wà nínú ọrùn tí ó fi ń yá tó bẹ́ẹ̀? Ọ̀pọ̀ ènìyàn rò pé èémí ni a ń dí. Bí ó bá jẹ́ èémí nìkan ni, ìjà kò ní tètè parí, nítorí àwọn ọmọ etí òkun tí wọ́n ń mòòkùn lè sé èémí wọn fún ìṣẹ́jú kan tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ láìdákú. Ẹ̀jẹ̀ ni ọ̀rọ̀ yìí kàn. Iṣan ẹ̀jẹ̀ ńlá méjì ni ó gba ẹ̀gbẹ́ ọrùn gòkè lọ sí inú ọpọlọ, ọ̀kan ní ọ̀tún, ọ̀kan ní òsì. Bí ẹ bá fi ìka kan ẹ̀gbẹ́ gògóńgò yín jẹ́jẹ́, ẹ óò mọ̀ ọ́n tí ó ń lù kì-kì-kì. Ẹ fi ọwọ́ kàn án ni mo wí, n kò ní kí ẹ tẹ̀ ẹ́. Kí ẹ má sì ṣe di ẹ̀gbẹ́ méjèèjì mú lẹ́ẹ̀kan náà láé.

Ọpọlọ kéré nínú ara. Bí a bá gbé e lé òṣùwọ̀n, kò ju nǹkan bí ìdá kan nínú àádọ́ta ìwọ̀n ènìyàn lọ. Síbẹ̀, nǹkan bí ìdá kan nínú márùn-ún afẹ́fẹ́ rere tí ẹ̀jẹ̀ ń gbé kiri ni ó ń lò. Kò sì ní àká. Àgbẹ̀ a máa kó iṣu sí àká de ìgbà ọ̀gbẹlẹ̀, ṣùgbọ́n ọpọlọ ń jẹ ohun tí ó bá dé lójú ẹsẹ̀ ni, kò tọ́jú ohunkóhun de ọ̀la. Bí a bá fi apá fún ọrùn ní ẹ̀gbẹ́ méjèèjì, tí ìgúnpá wà ní iwájú ọrùn, tí gògóńgò sì bọ́ sí inú àlàfo ìgúnpá náà láìfarapa, ẹ̀jẹ̀ kò lè gòkè bí ó ti yẹ. Kò gba agbára púpọ̀. Àwọn ìwé ìṣègùn kà á sí nǹkan bí kìlógíráàmù 5 ni ó tó láti pa iṣan méjì wọ̀nyí dé, nígbà tí ó jẹ́ pé pípa ọ̀nà èémí dé gba nǹkan bí ìlọ́po mẹ́ta ìyẹn. Ìdí nìyí tí ọmọ kékeré tí ó mọ ọgbọ́n rẹ̀ fi lè mú òmìrán dákú.

Àwọn ará Gíríìsì àtijọ́ ti fura sí èyí. Aristotle kọ ọ́ sínú ìwé rẹ̀ lórí àwọn ẹranko pé bí a bá di àwọn iṣan ọrùn mú láti òde, ènìyàn a dijú, a sì ṣubú láìjẹ́ pé a dí i ní èémí. Orúkọ tí àwọn oníṣègùn Òyìnbó ń pe iṣan méjèèjì yìí títí di òní, carotid, láti inú ọ̀rọ̀ Gíríìkì kan ni ó ti wá, èyí tí ìtumọ̀ rẹ̀ jẹ́ oorun wíwúwo. Ẹ̀yin rántí ohun tí Filostratus wí nípa Arrhichion.

Ní ọdún 1943 ni àwọn oníṣègùn mẹ́ta ní Amẹ́ríkà, Rossen, Kabat àti Anderson, wá fi aago wọn ọ́n. Wọ́n ṣe rọ́bà kan tí a lè fẹ́ afẹ́fẹ́ sí, wọ́n fi sí ọrùn àwọn ọ̀dọ́mọkùnrin tí ó lé ní ọgọ́rùn-ún, wọ́n sì dá ẹ̀jẹ̀ tí ń lọ sí ọpọlọ wọn dúró lẹ́ẹ̀kan náà. Láàárín ìṣẹ́jú-àáyá 5 sí 10, ojú a dúró gbagidi, ènìyàn a sì dákú. Ní ọdún àìpẹ́ yìí, àwọn oníṣègùn mìíràn wo fọ́tò sinimá àwọn ajàkadì tí wọ́n dákú nínú ìdíje gidi, níbi tí ẹni tí a fún ní ọrùn ń fi gbogbo agbára jà padà; nǹkan bí ìṣẹ́jú-àáyá 9 ni wọ́n rí. Kò sí ìyàtọ̀ ńlá láàárín ẹni tí ó jókòó jẹ́jẹ́ àti ẹni tí ń jà fitafita. Agbára apá kò ran ọpọlọ lọ́wọ́.

Ẹ̀yin ọmọ ilé-ìwé lè bi mí pé, bí ó bá rí bẹ́ẹ̀, báwo ni Arrhichion ṣe pẹ́ tó láti lọ́ ẹsẹ̀ ẹnìkejì rẹ̀? Ìbéèrè tí ó dára ni. Ìdìmú tí kò péye, tí ó di ẹ̀gbẹ́ kan mú ju èkejì lọ tàbí tí ó tẹ gògóńgò, lè pẹ́ ju bẹ́ẹ̀ lọ kí ó tó ṣiṣẹ́, òun ni ó sì léwu jù, nítorí ó lè fọ́ egungun kékeré inú ọ̀fun. Èyí tí ó yá jù kọ́ ni ó ń pa ènìyàn jù. Ohun tí ó ń pa ni kí a má tú u sílẹ̀: lẹ́yìn ìṣẹ́jú mẹ́rin tàbí márùn-ún láìní ẹ̀jẹ̀, ọpọlọ bẹ̀rẹ̀ sí í kú.

Ẹni tí ó mọ èyí, tí ó sì fi ṣe ẹ̀kọ́, ni ẹni tí mo fẹ́ràn jù nínú ìtàn yìí. Ará Jàpáàní ni, Kano Jigoro ni orúkọ rẹ̀. Ní ọdún 1860 ni a bí i. Ara rẹ̀ kéré, àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ tí wọ́n sígbọnlẹ̀ sì máa ń fìyà jẹ ẹ́ ní ilé-ìwé, nítorí náà ni ó ṣe wá àwọn àgbàlagbà tí wọ́n ṣì mọ ìjàkadì àwọn jagunjagun àtijọ́ rí. Ẹgbẹ́ kan tí ó ti kọ́ ọ, Tenjin Shin'yo, ni a mọ̀ dunjú fún fífún ọrùn. Ní ọdún 1882, nígbà tí ó wà ní ọmọ ọdún 21, ó gba yàrá kan nínú tẹ́ńpìlì Eishoji ní Tokyo, yàrá tí kò ju ẹní 12 lọ, ó kó àwọn ọmọ-ẹ̀yìn díẹ̀ jọ, ó sì pe ibẹ̀ ní Kodokan. Ibẹ̀ ni júdò ti bẹ̀rẹ̀.

Ẹ má rò pé ajàkadì lásán ni Kano. Olùkọ́ ni. Ọ̀pọ̀ ọdún ni ó fi jẹ́ ọ̀gá àgbà ní ilé-ẹ̀kọ́ gíga tí a ti ń kọ́ àwọn olùkọ́ ní Tokyo, èmi tí mo jáde ní irú ilé-ẹ̀kọ́ bẹ́ẹ̀ sì mọ ọwọ́ olùkọ́ nínú ohun tí ó ṣe. Ó kó gbogbo ọgbọ́n ìjà àtijọ́ jọ, ó yẹ̀ wọ́n wò lọ́kọ̀ọ̀kan, ó sì bi ara rẹ̀ pé: èwo ni àwọn ọmọ lè fi ara dánrawò ní òní, kí wọ́n sì tún wá ní ọ̀la? Ó yọ ẹ̀ṣẹ́ àti ìpá kúrò nínú ìdánrawò. Nígbà tí ó yá, a kò jẹ́ kí ẹnikẹ́ni lọ́ ìka, tàbí ọrùn ọwọ́, tàbí orúnkún mọ́. Ìgúnpá nìkan ni ó kù. Ṣùgbọ́n a kò yọ fífún ọrùn. Ó lè yà yín lẹ́nu. Ìdí rẹ̀ ni pé eegun tí ó bá ṣẹ́ ti ṣẹ́ náà nìyẹn, ṣùgbọ́n ọrùn tí a bá tú sílẹ̀ ní àkókò, ẹ̀jẹ̀ a tún gòkè, ẹni náà a sì là ojú láàárín nǹkan bí ìṣẹ́jú-àáyá 10 sí 20.

Ohun tí ó mú kí ó ṣeé ṣe ni òfin kékeré kan: ẹni tí ó bá rí i pé ó ti dé ọ̀dọ̀ òun yóò fi ọwọ́ lu ara ẹnìkejì rẹ̀, tàbí kí ó lu ẹní, lẹ́ẹ̀mejì. Lójú ẹsẹ̀ ni kí ẹnìkejì tú u sílẹ̀. Kò sí ìtìjú nínú rẹ̀. Ẹni tí ó lu ẹní ní òwúrọ̀ lè borí ní ìrọ̀lẹ́. Àwọn àgbà ibẹ̀ ń kọ́ ọgbọ́n jíjí ẹni tí ó dákú pọ̀ mọ́ ọgbọ́n fífún ọrùn. A kì í fi ọ̀kan lé ènìyàn lọ́wọ́ láìfi èkejì lé e. A kì í sì kọ́ ọmọ kékeré ní i rárá. Ní ọdún 1987, oníṣègùn kan tí òun fúnra rẹ̀ jẹ́ ọ̀gá nínú júdò, Koiwai, wo àkọsílẹ̀ láti ọdún 1882, ó sì kọ ọ́ pé òun kò rí ẹnì kan ṣoṣo tí fífún ọrùn pa nínú júdò. Ọgọ́rùn-ún ọdún àti márùn-ún! Ẹ fi èyí wé Eryxias tí ń kígbe ní Olympia.

Láti Kodokan ni ọgbọ́n yìí ti tàn kálẹ̀. Maeda Mitsuyo, ọmọ-ẹ̀yìn ibẹ̀, dé Bràsíìlì ní ọdún 1914, ó sì fi ìlú Belém ṣe ibùgbé. Lára àwọn tí ó kọ́ ni ọ̀dọ́mọkùnrin kan láti ìdílé Gracie, ìdílé náà sì sọ ọ́ di tiwọn. Ìdìmú tí a fi apá ṣe láti ẹ̀yìn, "apakìnnìún" ni àwọn ará Bràsíìlì ń pè é ní èdè wọn, ó sì rán mi létí Heracles inú ìtàn Gíríìkì, tí ó fún kìnnìún ní ọrùn pa nígbà tí idà kò ran awọ rẹ̀. Ní oṣù kọkànlá ọdún 1993, ní ìlú Denver ní Amẹ́ríkà, wọ́n kó oríṣiríṣi ajàkadì jọ sínú ìdíje kan. Royce Gracie, tí ara rẹ̀ kò tó ti ọ̀pọ̀ nínú wọn, ni ó borí. Fífún ọrùn ni ó fi mú ẹni tí ó bá jà kẹ́yìn àti ẹni tí ó ṣáájú rẹ̀.

Ṣùgbọ́n ọwọ́ kan náà yìí ti bọ́ sí ibòmíràn, níbi tí kò sí ẹní tí a lè lù. Ní ọdún 1976, ní Los Angeles, àwọn ọlọ́pàá dá ọkùnrin aláwọ̀ dúdú kan, Adolph Lyons, dúró nítorí iná ẹ̀yìn ọkọ̀ rẹ̀ tí kò tàn. Wọ́n fún un ní ọrùn títí ó fi dákú. Nígbà tí ẹjọ́ rẹ̀ dé ilé-ẹjọ́ tí ó ga jù ní Amẹ́ríkà ní ọdún 1983, àwọn adájọ́ tí ó pọ̀ jù ní kò ní ẹ̀tọ́ láti bẹ ilé-ẹjọ́ pé kí ó fi òfin dá àwọn ọlọ́pàá dúró. Adájọ́ Thurgood Marshall kò bá wọn fi ohùn sí i. Ó ka iye wọn: ènìyàn 16 ni ó ti kú láti ọdún 1975 lẹ́yìn tí ọlọ́pàá ìlú náà fún wọn ní ọrùn, àwọn 12 nínú wọn sì jẹ́ ọkùnrin aláwọ̀ dúdú.

Ẹ wo ibi tí ìyàtọ̀ wà. Ẹni tí a ń fún ní ọrùn tí kò lè mí yóò máa ta pọ́nrán-pọ́nrán. Ẹni tí ó mú un a sì rò pé ńṣe ni ó ń ṣe agídí, a tún fún un sí i. Bí ó ti ń ta, apá tí ó wà ní ẹ̀gbẹ́ ọrùn a yọ̀ bọ́ sí iwájú, sórí gògóńgò. Lójú ajàkadì, ìgbọ̀nrìrì náà ni àmì pé kí a tú u sílẹ̀. Lójú ẹni tí ń mú arúfin, òun ni àmì pé kí a má tú u. Ẹgbẹ́ ọlọ́pàá New York fi òfin kọ̀ ọ́ ní ọdún 1993. Síbẹ̀, ní oṣù keje ọdún 2014, ní ìlú náà kan náà, Eric Garner kú lẹ́yìn tí ọlọ́pàá kan fi apá fún un ní ọrùn. Ẹ̀ẹ̀mọ́kànlá ni ó sọ pé òun kò lè mí.

Mo ti ṣe ìlérí pé n óò sọ ohun tí ojú mi rí. Ní ilé-ìwé kan tí mo ti kọ́ni rí, ní alẹ́ ọjọ́ Sátidé kan, mo gbọ́ ariwo láti ilé ibùsùn àwọn ọmọkùnrin. Mo sáré débẹ̀. Àwọn ọmọ ti wo sinimá ìjàkadì, wọ́n sì fẹ́ mọ̀ bóyá òótọ́ ni. Ọmọ kan nà sílẹ̀ láàárín bẹ́ẹ̀dì méjì, ó ń gbọ̀n, ojú rẹ̀ ṣí, kò sì rí ẹnikẹ́ni. Ẹni tí ó ṣe é dúró tì í, ó ń sunkún. Ó ní, "Sà, mo ń ka nọ́ńbà ni. N kò tíì ka ju èje lọ." Mo gbàgbọ́. Bí ó bá jẹ́ ọmọ onírọ̀ ni, ẹ̀ta ni ì bá sọ.

Bí irú rẹ̀ bá ṣẹlẹ̀ ní iwájú yín, ẹ tú ọwọ́ kúrò ní ọrùn rẹ̀ ní kíá. Ẹ má ṣe gbé e dìde, ẹ má sì ṣe da omi sí i ní ojú. Ẹ wò ó bí ó bá ń mí. Bí kò bá mí, ẹ ké sí àgbà tí ó mọ bí a ti ń tẹ àyà, kí ó bẹ̀rẹ̀ sí í tẹ̀ ẹ́ láìdúró. Bí ó bá ń mí, ẹ yí i sí ẹ̀gbẹ́ kí itọ́ má baà há a, kí ẹ sì dúró tì í. Bí ó bá tilẹ̀ jí tí ó ń rẹ́rìn-ín, ẹ mú un lọ sí ilé ìwòsàn, nítorí inú iṣan ọrùn lè ya láìhàn sí òde, kí àìsàn rẹ̀ tó jáde ní wákàtí púpọ̀ tàbí ọjọ́ mélòó kan lẹ́yìn náà.

Ọmọ tí mo wí yìí jí kí n tó kúnlẹ̀ tì í tán. Ó jókòó, ó wo gbogbo wa bí ẹni tí a jí láti ojú oorun ọ̀sán, ó sì bi àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ pé kí ló dé tí wọn kò tíì bẹ̀rẹ̀. A mú un lọ sí ilé ìwòsàn ní alẹ́ náà, wọn kò rí nǹkan kan. Ó ti di bàbá ọlọ́mọ báyìí. Bí mo bá pàdé rẹ̀ ní ọjà, a máa dọ̀bálẹ̀ kí mi, a sì tún sọ fún mi pé òun kò dákú ní ọjọ́ náà.